Ibi Tí Ooru Yàrá Màmá Ń Lọ

Bàbá mi kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Màmá mi náà kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dọ̀ mi ni àsọtúnsọ wá parí sí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí títí di òní, bí mo bá ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yé mi, àyà mi a tún máa lù bíi ti ọjọ́ yẹn gan-an.

Ọ̀wọ̀ ni, nígbà tí Èkìtì kò tíì kúrò lára ìpínlẹ̀ wa. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù kan, onípáànù, tí gbogbo àdúgbò ń wò. Nígbà tó kú, a sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ilé náà bí a ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa, lábẹ́ fèrèsé yàrá tí òun àti Màmá ń sùn gẹ́lẹ́. A fi táìsì funfun bo sàréè rẹ̀, a gbé àgbélébùú sí ibi orí. Èmi àti ìyàwó mi, olùkọ́ ni, ọmọ Àkókó, la wá ń gbé ilé náà pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Màmá ní tirẹ̀ kó lọ sí Upenmen, ìlú kékeré kan nítòsí Ọ̀wọ̀, sí ilé alámọ̀ tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀. Àwọn ará ìjọ wa ní ìbànújẹ́ ọkọ rẹ̀ ló lé e lọ. Wọ́n bi í léèrè ní ọjọ́ ìsinmi kan tó wá kí wa.

"Ìbànújẹ́ kẹ̀?" ó ní. "Ooru ni mo sá fún."

A fi í ṣe àwàdà. Kì í ṣe àwàdà. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára Màmá, ọsibítù Ọ̀wọ̀ ló sì ti ń gba oògùn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, ó ṣubú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀ ní Upenmen, kò rí ẹni pè. Obìnrin aládùúgbò rẹ̀ kan tó ń ti oko bọ̀ ló rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ tó fi ké sí àwọn èèyàn. Dókítà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí màmá yìí dá gbé mọ́. Bó bá tún ṣubú níbi tí kò sí èèyàn, ẹ lè má bá a láàyè."

Mo gbé e wá sí Ọ̀wọ̀, sí yàrá òun àti Bàbá. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn kan sí i. Dókítà ti ní kó máa sun oorun ọ̀sán lójoojúmọ́. Ó ní òun yóò lo àkókò òjò lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí òun kò bá lè sun oorun ọ̀sán nínú yàrá òun kí òun má jí nínú òógùn, Upenmen ni òun ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má di òun lọ́wọ́ mú.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ẹni tó bá ti gbé ilé onípáànù rí mọ ohun tí mo ń sọ. Láti agogo mọ́kànlá ni páànù á ti máa ta, pọ́, pọ́, bíi ìgbà tí èèyàn ń pa èèpo ẹ̀pà. Tó bá di agogo méjì, bí o bá na ọwọ́ sókè sí síìlìn, ooru á pàdé ọwọ́ rẹ lọ́nà. Mo gbé fáànù wá. Màmá ní kí n pa á.

"Kì í ṣe atẹ́gùn ló ń fẹ́," ó ní. "Ooru tó wà lókè ló ń fà wá bá mi nísàlẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Mi ò kàn mọ̀ pé òótọ́ ni nígbà náà.

Ní ọjọ́ Ajé kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá ẹrù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: àpótí kan, ìdì aṣọ méjì, agbọ̀n kan tó fi aṣọ bò lórí. Òun fúnra rẹ̀ jókòó lórí àpótí náà.

"Màmá, ẹ ṣe mí ní oore kan. Ẹ fún mi títí di ọjọ́ Ẹtì."

Ó wò mí títí. "Kí ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì? Ṣé oòrùn fẹ́ kú ni?"

"Mo fẹ́ fi éésì sí yàrá yín."

"Ẹ̀rọ amúlétutù tí àwọn ọ̀gá báńkì ń lò yẹn?"

"Òun náà ni, Màmá."

"Ó dáa. Ọjọ́ Ẹtì." Ó dìde lórí àpótí, ṣùgbọ́n kò gbé ẹrù náà kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ ibi tí màá ti rí éésì. Orí bá mi ṣe é. Ọ̀gá òyìnbó kan nílé iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ń kó lọ sí ìlú rẹ̀, ó sì ń ta ẹrù ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin mẹ́ta ló gbé ẹ̀rọ náà sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé wa. Àpótí irin ńlá ni, irú èyí tí wọ́n máa ń lu ògiri fún, tí iwájú rẹ̀ á wà nínú yàrá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á yọ síta. Mo ti ń rí ẹ̀yìn wọn lára ògiri ọ́fíìsì wa tipẹ́. Èrò mi ni pé nítorí ariwo ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́ síta.

Bíríkìlà dé, ó ní kí n fi ibi tí òun máa lù hàn òun. Ògiri kan ṣoṣo ní yàrá Màmá ló kọjú síta, èyíinì ni ògiri tí fèrèsé wà. Mo nàka sí i. Ibẹ̀ ni àbúrò bàbá mi, tó ti di olórí ẹbí wa, ti bá wa. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo ògiri, ó yọ orí lójú fèrèsé, ó wo sàréè.

"Ta lẹ fẹ́ kọ ìdí nǹkan yìí sí?" ó bi wá.

Bíríkìlà gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Títí tó fi kú, èmi ò kọ ẹ̀yìn sí i kí n tó jáde níwájú rẹ̀. Irin lẹ wá fẹ́ kó kọ ìdí sí i. Mo sì ti rí nǹkan yìí ní báńkì. Ó máa ń tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó máa tọ̀ sórí ẹ̀gbọ́n mi, kó kọ́kọ́ gbé e kọ́ sókè orí mi ná."

Bíríkìlà ló là wá. Ó ní kí la wá ń dààmú sí nígbà tí ògiri tó wà láàárín yàrá àti pálọ̀ wà níbẹ̀. Òjò ò ní pa ẹ̀rọ, olè ò ní rí i yọ, àlejò tó bá wọlé á sì rí i pé éésì wà nílé yìí. Bó bá fẹ́ tọ̀, a ó gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Olórí ẹbí ní ọ̀rọ̀ nìyẹn. Èmi náà ní ọ̀rọ̀ nìyẹn. A kí ara wa kú ọgbọ́n, bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, éésì ti wà ní àyè rẹ̀: iwájú nínú yàrá Màmá, ẹ̀yìn nínú pálọ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, a tàn án. Ilé mì díẹ̀, lẹ́yìn náà atẹ́gùn tútù fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó mi fi ojú síbi atẹ́gùn náà, ó pa ojú dé. Àwọn ọmọ ń fi aṣọ ìbora bora ní oṣù Ẹ̀rẹ̀nà. Màmá na ẹsẹ̀ lórí ibùsùn, ó ní, "Ó dà bí Upenmen lówùúrọ̀." Inú mi dùn débi pé mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Kí n tó padà dé lọ́sàn-án, nǹkan ti bàjẹ́. Màmá kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sí yàrá. Pálọ̀ ló ti ń gba àlejò rẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn pálọ̀, ooru gbá mi lójú bíi ìgbà tí wọ́n ṣí ààrò búrẹ́dì. Àlejò méjì láti ìjọ wa ń fi ìwé orin fẹ́ atẹ́gùn sí ara. Ọ̀kan ti tú gèlè. Ìlẹ̀kùn yàrá ń ṣí, ó ń pa dé, yàrá náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná padà. Màmá jókòó ní àárín wọn, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "o kú iṣẹ́. O ra ooru mọ́ ooru fún mi."

Àwọn àlejò dojú bolẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú ìwé orin.

Ìyàwó mi ló rántí oníṣẹ́ fíríìjì kan, ará ìlú rẹ̀ ní Àkókó, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í kánjú. Ó wọ pálọ̀, ó rí ẹ̀yìn éésì lára ògiri. Ó fi àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sórí rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Màmá fi èdè Ọ̀wọ̀ sílẹ̀, ó bá a sọ Yorùbá tí gbogbo èèyàn gbọ́. "Ìwọ ọmọ, má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ló ṣe é?"

"Kò sóhun tó ṣe é, Màmá. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀yin lẹ ń fìyà jẹ ẹ́." Ó kọjú sí mi. "Ọ̀gá, ẹ rò pé òtútù ló ń ṣe jáde, àbí?"

"Kí ló tún ń ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan jáde. Alábàárù ni. Ooru ló ń rù." Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sínú yàrá, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ mi síwájú ẹ̀rọ: tútù. Ó tún fà mí padà sí pálọ̀, ó gbé e sẹ́yìn rẹ̀: gbígbóná. "Èyí tí ẹ kò rí nínú yàrá mọ́, òun nìyí. Bí òjò bá wọ yàrá yín, tí omi kún un, kí lẹ máa ṣe?"

"Màá fi abọ́ gbọ́n ọn."

"Ẹ ó gbọ́n ọn dà síbo?"

"Síta ni."

"Ẹ ò ní dà á sí pálọ̀?"

Mo tún wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ayé mi yí. Ọdún márùndínlógójì ni mo ti ń rò pé òtútù jẹ́ ohun kan tí ẹ̀rọ máa ń pò bí ẹní po ẹ̀kọ. Kò sí òtútù kankan. Ooru nìkan ló wà, ohun tí à ń pè ní òtútù ni àyè tí ooru ti kúrò. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ kì í yọ síta nítorí ariwo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da ẹrù.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni fíríìjì," ó ní. "Ẹ lọ fọwọ́ kan ẹ̀yìn tiyín."

Mo sáré lọ sí ilé ìdáná. Mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn fíríìjì. Ó gbóná. Mo pariwo pe ìyàwó mi kó wá fọwọ́ kàn án.

"Mo mọ̀," ó dáhùn láti pálọ̀. "Ibẹ̀ ni mo ti ń sá ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ láti ọjọ́ yìí."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọn ò rí mi gbé jókòó. Mo ń yí ilé ká, mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri bí ẹní ń wò bóyá ibà ń ṣe ọmọ. Oòrùn ti wọ̀, ṣùgbọ́n ògiri ìwọ̀ oòrùn ṣì gbóná bíi ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Búlọ́ọ̀kù ti ń mu ooru láti àárọ̀, ó wá ń pọ̀ ọ́ padà sí wa lára. Oníṣẹ́ fíríìjì náà gòkè àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní ta ló dí ihò tó wà lábẹ́ òrùlé. Bàbá mi ni, nítorí àdán. Ó ní ooru tí páànù ń kó jọ kò ríbi jáde nìyẹn, orí wa ló ń jókòó lé láti ọdún yìí wá. Kí a ṣí ihò náà, kí a fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Mo ń mi orí bíi ẹni tí wọ́n ń sọ ìròyìn ayọ̀ fún. Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ nípa fáànù ti yé mi wàyí.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yí ẹ̀yìn síta, ògiri tó kọjú síta kò sì ju ẹyọ kan lọ. Ọjọ́bọ̀ ni mo ní kí oníṣẹ́ fíríìjì àti bíríkìlà padà wá, mo sì ránṣẹ́ pe olórí ẹbí. Mo ní kí ìyàwó mi tan éésì kó tó dé, kó lè jókòó sínú ẹ̀rí. Ó jókòó sí pálọ̀, ó ń nu ọrùn, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ abọ́ àti omi fún un, mo fọwọ́ ṣe é, mo fẹsẹ̀ ṣe é. Ó gbọ́ mi tán.

"Nígbà àkọ́kọ́, ẹ fẹ́ tọ̀ sí i lórí," ó ní. "Nísinsìnyí, ẹ tún fẹ́ fi ooru sè é."

Mo wo ẹrù tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù.

Màmá fa àga rẹ̀ súnmọ́ wa. Ó wá yí sí àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ọkọ mi, èèyàn mélòó ló bá ẹ̀gbọ́n rẹ sùn fún ọdún méjìlélógójì?"

Olórí ẹbí fi ìtìjú rẹ́rìn-ín. "Ìwọ nìkan ni, ìyàwó wa."

"Nígbà ọyẹ́, kí ló máa ń wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀?"

"Ìkòkò èédú."

"Ta ló ń fẹ́ iná rẹ̀? Ta ló ń gbé e síbẹ̀?"

"Ìwọ ni."

"Ọkùnrin tó ń wọ súwẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì nígbà tí gbogbo èèyàn ń làágùn. Ṣé o rántí súwẹ́tà yẹn?"

"Aláwọ̀ ewé," olórí ẹbí ní. "Mo rántí."

"Òtútù ló bà á lẹ́rù láyé, kì í ṣe ooru. Èmi ni ooru ń pa." Ó wá yí sí oníṣẹ́ fíríìjì. "Ọmọ mi, ooru tí nǹkan yìí ń kó nínú yàrá, ibo ló ti ń wá?"

"Láti òkè àjà, Màmá. Láti ara ògiri. Láti ara yín náà."

"Láti ara mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ara gbogbo èèyàn ló ń tú ooru sílẹ̀. Ó ń kó tiyín mọ́ ọn."

Màmá na ọwọ́ sí àbúrò ọkọ rẹ̀ bíi ẹni tó ní kí ó wá wo nǹkan. "O gbọ́. Ooru ara mi ni. Ṣé ooru ara ìyàwó kò yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ mọ́ ni?"

Ẹ̀rọ ń kùn lára ògiri. Olórí ẹbí yọ ìnujú jáde, ó nu ojú, bóyá òógùn ni, mi ò mọ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, omi ló ṣì kù tó ń dà á láàmú. Oníṣẹ́ fíríìjì ní òun máa fi rọ́bà fa omi náà lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀kán kan ò ní kàn táìsì. Olórí ẹbí ní kí a gbé e ga ju bí a ti gbé e tẹ́lẹ̀ lọ, kó má baà dọ́gba pẹ̀lú àgbélébùú orí sàréè. Ó dìde, ó fi okùn wọn ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí bíríkìlà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó lọ dúró ti sàréè, ó yọ fìlà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó yín ló ní kí a ṣe é." Ẹ̀yìn ìyẹn ló ní kí wọ́n máa lù ú.

Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti dí ihò pálọ̀, wọ́n ti ṣí ihò abẹ́ òrùlé. Èmi àti ìyàwó mi tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Agogo kan ku díẹ̀, Màmá jẹun, ó lo oògùn rẹ̀, ó wọ yàrá, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ Ọlọ́run, pé kí wọ́n má mú iná lọ. Páànù ń ta, pọ́, pọ́. Èmi àti ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ ní kọ̀rídọ̀ bíi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró de èsì ìdánwò. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, ìyàwó mi rọra ṣí ìlẹ̀kùn díẹ̀, ó fi etí sí i.

"Kí ló ń ṣe?" mo bi í.

"Ó ń hanrun."

Mo di ẹnu mi mú. Mo jáde síta, mo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mo na ọwọ́ sókè sẹ́yìn éésì. Ooru ń tú jáde níbẹ̀, ó gbóná lọ́wọ́ mi, ooru tó yẹ kó wà ní ọrùn Màmá. Mo dúró síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè, aládùúgbò wa kan tó ń kọjá ní ṣé kò sí wàhálà.

Agogo mẹ́rin ni Màmá jí. Ó jáde, ó fi ọwọ́ pa iwájú orí, ó wo ọwọ́ náà: gbígbẹ. Kò yìn mí, kò dúpẹ́. Ó pe ìyàwó mi.

"Ìyàwó mi, bá mi gbé ẹrù yẹn wọlé, aṣọ òtútù mi wà ní ìsàlẹ̀ ìdì kejì." Ó wá kọjú sí mi. "Lọ́la, lọ sí Upenmen. Adìyẹ mẹ́fà ni mo fi sílẹ̀. Kó wọn wá."

Mo gun ọ̀kadà lọ lówùúrọ̀ Sátidé. Lílé adìyẹ gba àkókò, ọ̀sán ti ń pọ́n nígbà tí mo wọ ilé alámọ̀ náà láti wá okùn. Mo dúró ní àárín yàrá. Ìta ń jó, nínú ilé tù. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri: tútù bíi ikùn amù. Mo fi apá wọn bí ògiri ṣe nípọn tó, láti orí ìka mi dé ìgúnpá. Ooru ọ̀sán kò tíì rìn dé àárín rẹ̀, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó dé inú. Kò sí iná, kò sí ẹ̀rọ, kò sí abọ́ tí ń gbọ́n nǹkan kan. Àwọn tó mọ ògiri yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, Màmá sì ti ń fi ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n láti kékeré.

Mo so adìyẹ lẹ́sẹ̀, mo kó wọn sínú agbọ̀n, mo ti ìlẹ̀kùn. Obìnrin tó rí Màmá nílẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣubú yọ sí mi láti ilé kejì, ó wo agbọ̀n.

"Ìyá ńkọ́?" ó bi mí. "Kò wá mọ́ ni?"

"Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ń sùn lọ́wọ́."

"Ní ọ̀sán gangan yìí? Nínú ilé páànù yẹn?"

"Ní ọ̀sán gangan," mo ní. Mo gbé agbọ̀n lé ẹsẹ̀ ní orí ọ̀kadà, a sì forí lé Ọ̀wọ̀.